Amọ̀ Funfun Inú Àpò

Ọdún kejì tí Dàhòmì gba òmìnira ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ń lu ihò sínú ilẹ̀ wá sí ẹ̀bá ọ̀nà tó ti Ifangni lọ sí Ko-Koumolou. Àwọn ará ìlú rò pé epo ni wọ́n ń wá. Honoré, ọmọ ìlú náà tí ìjọba rán lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Faransé, sọ fún wọn pé amọ̀ lòun ń wá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ṣé kò rí amọ̀ lábẹ́ bàtà rẹ̀ ni, kó tó di èrò ìlú òyìnbó.

Bí ẹ̀rọ náà bá ṣe ń jìn sí i, wọ́n á bu amọ̀ ibi tó dé sínú àpò kékeré. Honoré á fọ̀ ọ́ nínú asẹ́, á sá a, á wá fi awò tí ń sọ ohun kíkéré di ńlá wò ó. Ìkarahun ló ń wá níbẹ̀, ti àwọn ẹ̀dá inú òkun tí wọn kò tó hóró iyanrìn. Àwọn kan fẹ́ràn omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, àwọn kan fẹ́ràn omi tútù. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n á mọ ìgbà tí òkun bo ilẹ̀ Ifangni, á sì mọ bí oòrùn ìgbà náà ṣe mú tó.

Ìpele kan wà láàárín tó jẹ́ amọ̀ funfun, ó kúnná bí ìyẹ̀fun gbágùúdá. Ìkarahun inú rẹ̀ lọ́ bí ìgbín, Honoré kò sì rí irú rẹ̀ ní ìpele mìíràn. Orí amọ̀ yìí ni ọ̀gá rẹ̀ ní Cotonou gbé ọkàn lé. Amọ̀ yìí náà ló sì ń dín nínú àpò.

“Victorin, ta ló ń wọ ahéré yìí?”

Victorin, ọmọ Igolo, ọ̀dọ́mọkùnrin tó lẹ́wà, ẹnu rẹ̀ sì dùn, òun ló ń ṣọ́ ahéré tí àwọn àpò náà wà lẹ́yìnkùlé Honoré. Kò wo ojú ọ̀gá rẹ̀.

“Bóyá eku ni, chef.”

“Eku wo ló ń jẹ amọ̀?”

Victorin bẹ̀rẹ̀ sí í so ẹnu àwọn àpò náà.

Nínú ilé náà, nǹkan ò rọgbọ. Láti ìgbà tí Honoré ti fẹ́ Justine, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ròyìn ayọ̀ fún gbogbo ẹbí, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni ẹbí sì padà wá bá wọn dárò. Ọ̀rọ̀ ọmọ wá di ohun tí wọn kì í dá sílẹ̀ mọ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀ sí i, Justine bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kan tí kò jáde lọ síbì kankan, Honoré rí funfun atíkè létí ẹnu rẹ̀. Ta ló ń kun atíkè fún? Kò bi í, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́.

Ó tètè ti ìdí ẹ̀rọ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Justine ń jáde láti inú ahéré, ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu ẹnu. Victorin di ilẹ̀kùn mú fún un.

“Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyàwó wa,” ni Victorin ń sọ. “Ẹnu mi kọ́ ni ọ̀gá ti máa gbọ́ ọ.”

Honoré tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó di etí aṣọ náà mú, ó gbọn eruku rẹ̀ sórí gíláàsì, ó sì tẹjú mọ́ awò. Ìkarahun tó lọ́ bí ìgbín kún ibẹ̀.

“Ìgbà wo lo ti ń wọ ahéré yẹn?”

Justine wo awò, ó wo aṣọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

“Mo ṣẹ̀ yín. Ó ń wù mí ni, n kò sì lè kó ara mi níjàánu. Ẹ má lé Victorin, ẹ jọ̀ọ́. Bó bá di oṣù tó ń bọ̀, n ó sọ gbogbo rẹ̀ fún yín.”

“Kí ló dé tí kì í ṣe òní?”

“Ìyá mi ní kí n pa ẹnu mi mọ́ ná.”

“Áà! Ìyá rẹ náà mọ̀ sí i!”

Ojú ti Honoré láti fi ẹnu ara rẹ̀ pe ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

“Kó ẹrù rẹ. Bá ìyá rẹ lọ ní Daagbé.”

“Nítorí amọ̀?” Omi bọ́ lójú Justine. “Nítorí amọ̀ lásán?”

“Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́!”

Ó lé Victorin náà lọ́jọ́ yẹn kan náà. Victorin ká ẹní rẹ̀, ó ní kí ọ̀gá bi màdáámù, ọ̀rọ̀ obìnrin ni, kò tọ́ sí òun láti sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà, amọ̀ funfun kò dín mọ́. Ẹ̀rí wo ló tún kù? Honoré ń fọ amọ̀ rẹ̀, ó ń wo awò rẹ̀, ilé pa rọ́rọ́. Oúnjẹ kò wù ú. Inú ń bí i, inú rẹ̀ sì ń bàjẹ́, kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ọjọ́ ọjà, ẹ̀gbọ́n Justine tó ń jẹ́ Rosalie ti Daagbé wá, igbá òfìfo lọ́wọ́. Honoré dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò ní kó wọlé.

“Bó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀ lẹ wá bẹ̀, ẹ máa padà.”

“Ẹ̀bẹ̀ kọ́, ọkọ wa,” ni Rosalie wí, ó sì na igbá náà sí i, “Justine ní kí ẹ bá òun bu díẹ̀ sí i nínú amọ̀ funfun yẹn, torí amọ̀ náà nìkan ni oyún inú òun ń gbà.”