Igbe Dókítà

Dókítà ojú ṣàlàyé fún àwọn jórinjórin títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun yìí lè gba ẹyinjú lọ́wọ́ kòkòrò bí irin bá ta sí i. Ẹnikẹ́ni ò dìde.

"Dókítà, ṣé ẹ̀yin ti gbà á?" bàbá olójú kan ló béèrè.

"Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà mí, bàbá."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti dókítà. Ó jókòó síwájú nọ́ọ̀sì, ó ká apá aṣọ sókè, ó dijú.

"Yéè! Ìyá mi o!"

"Ẹ má bínú, mà," nọ́ọ̀sì ní, "mi ò tíì fọwọ́ kàn yín."

Bàbá dìde. "Ọmọ mi, sún, kí n gbà á kí o rí i pé kò dunni."

Gbogbo wọn tò sẹ́yìn rẹ̀. Dókítà ló ṣe ìkẹyìn.