Fèrèsé Tó Ń Kí Ènìyàn

Ní ọdún karùn-ún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, Ọmọ́níyì, tó ń wáṣẹ́, ṣe fèrèsé kan sínú kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé Ọ̀gá Ọládipọ̀ ní Kabba. Kí ìwé tó jáde, fèrèsé náà ni yóò kọ́kọ́ yọ lójú kọ̀ǹpútà, yóò sì fi Yorùbá béèrè ohun tí oníbàárà ń fẹ́.

“Bí Màmá Yéjídé bá lè lò ó, kò sẹ́ni tí kò ní lè lò ó,” ni Ọ̀gá wí. “Bó bá ti lè lò ó, mo gbà ọ́ síṣẹ́ nìyẹn.”

Màmá Yéjídé ti ń fi táípúráítà tẹ̀wé níbẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ó ní òun ò mọ orí kọ̀ǹpútà, òun ò mọ ìdí rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, ó jókòó síwájú rẹ̀.

“‘Ẹ̀dà mélòó lo fẹ́?’” ló kà. “Ta ló ń bá wí? Ṣé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mí?”

Ọmọ́níyì sọ “lo” di “lẹ”.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Màmá ní fèrèsé náà kò kí òun. Ọmọ́níyì fi “Okun o”, ìkíni àwọn ará Kabba, sí i.

“Ó kí mi, kò sì dúró gbọ́ èsì. Ilé wo ni wọ́n ti kọ́ ọ?”

Ọmọ́níyì fi ibi tí wọn yóò tẹ̀ láti dáhùn sí i. Iná ṣẹ́jú.

“Ṣé o ti fi iṣẹ́ rẹ pamọ́?” ni Màmá bi í.

“Mo ti fi pamọ́, Mà.”

“Ó dáa. Kò tíì béèrè ará ilé mi.”

Ọmọ́níyì fi “Ará ilé ńkọ́?” sí i, ó sì fi èsì kan ṣoṣo sábẹ́ rẹ̀: “Dáadáa ni wọ́n wà.”

Ní ọjọ́ Ẹtì, Ọlọ́runlékè ti Ògìdì wá tẹ ìwé ètò ìsìnkú bàbá rẹ̀, tí wọn yóò sin lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ lo fèrèsé náà. Ó dáhùn ìkíni. Nígbà tó dórí ará ilé, ó dìde.

“Dáadáa ni wọ́n wà? Kí ni mo wá ṣe níbí nígbà náà?”

Ọmọ́níyì fẹ́ bá a tẹ̀ ẹ́. Ọlọ́runlékè gbá a lọ́wọ́ mú.

“Má purọ́ mọ́ òkú bàbá mi!”

Kí Ọmọ́níyì tó tún un ṣe tán, òkú ti dé ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé ètò kò tíì dé. Ọ̀gá fún un ní lẹ́tà: wọ́n dúpẹ́, kó máa lọ. Màmá Yéjídé bá a di báàgì rẹ̀, ó sì ra ẹ̀pà fún un.

Inú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìyàrá ni Ọmọ́níyì ti rí i pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi tẹ lẹ́tà náà, pé orúkọ Màmá Yéjídé ló wà nísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó tẹ̀ ẹ́, àti pé ọjọ́ Ajé tí Màmá kọ́kọ́ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ni déètì rẹ̀.