Òkúta Tó Ń Sùn Lọ́sàn-án

Ọjọ́ kejì tí Tíṣà dé ilé àbúrò rẹ̀ ló bá a nídìí abọ́. Ó kọ́kọ́ pe ọ̀rọ̀ náà ní àwàdà. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, télọ̀ tí àwọn ènìyàn jàǹkànjàǹkàn ń tò sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ló ká apá ẹ̀wù sókè tó ń fi kànrìnkàn ha ìdí ìkòkò. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ òsì lé itan. Òrùka olókùúta aláwọ̀ aró kan wà níka rẹ̀.

"Ìyàwó, ṣé kò sí?" Tíṣà béèrè.

"Kò sí nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n mi. Òkúta yìí ni mà. Kò fẹ́ omi."

Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ ò tíì fi òun náà sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣàlàyé, wọ́n sì ṣàlàyé. Òkúta oṣù tí wọ́n bí ìyàwó ni. Kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri sọ pé oṣù kọ̀ọ̀kan ló ní òkúta tirẹ̀, àti pé ẹni tó bá ba tirẹ̀ jẹ́, oríire ara rẹ̀ ló bà jẹ́. Ohunkóhun tí kàlẹ́ńdà yẹn bá sọ, àṣẹ ni lọ́dọ̀ ìyàwó. Ní ọdún tó kọjá, ọkọ rẹ̀ lọ ra òrùka náà wálé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

Wọ́n lẹ òfin òkúta náà mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Tíṣà mọ ọwọ́ ìwé náà, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ àbúrò rẹ̀ ní á bí dí. Ó kà á. Òkúta yìí kò fẹ́ omi gbígbóná. Kò fẹ́ ọṣẹ. Kò fẹ́ ooru iná. Ọwọ́ tó bá wọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo ju ìwé orin lọ. Kò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́. Láti aago kan sí aago mẹ́ta ọ̀sán ó gbọ́dọ̀ sùn, kò sì gbọdọ̀ dá sùn.

Tíṣà kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá bírò pupa.

"Ṣé kò ṣeé bọ́ sílẹ̀ ni?"

"Tó bá kúrò lára mi, ẹ̀gbọ́n mi, ó máa kú. Ọkọ mi ní ẹni tó tà á ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Tíṣà fi ṣọ́ wọn. Ẹ̀rọ omi wà nísàlẹ̀, okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí wà lókè pátápátá, àbúrò rẹ̀ ló sì ń gbé aṣọ tútù gòkè kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ará ilé á máa yọjú lójú fèrèsé. "Télọ̀, ẹ bá wa kí òkúta o." Òun á rẹ́rìn-ín, á sì máa lọ. Ẹ̀rín náà dun Tíṣà wọra. Ọmọ ìyá òun, tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́! Ó sì mọ ìyàwó yìí dáadáa tẹ́lẹ̀, obìnrin tí ẹnikẹ́ni ò lè gba garawa lọ́wọ́ rẹ̀. Ní báyìí, tó bá ń gun àtẹ̀gùn, á dúró lágbede méjì, á ní òkúta ń sinmi.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, Tíṣà mú páálí òrùka náà lórí pẹpẹ, ó sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára.

Obìnrin tó ń ta òrùka wo páálí náà. "Sáfáyà nìyí, ti oṣù kẹsàn-án. Dáyámọ́ńdì nìkan ló le jù ú lọ, mà."

"Omi ńkọ́?"

"Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ gan-an la fi ń fọ̀ ọ́."

"Oorun ọ̀sán ńkọ́?"

Obìnrin náà yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Òkúta wo ló ń sùn? Àwọn òkúta ẹlẹgẹ́ bí ópálì àti péálì ló máa ń ṣe bí aláìsàn. Mo rántí ọkùnrin tó ra èyí. Ó bi mí nípa ópálì títí ẹnu fi ro mí, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó wá ra sáfáyà."

Tíṣà mí kanlẹ̀. Láti kékeré ni ọmọ yìí ti ń da iṣẹ́ àmúrelé pọ̀.

Kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ nígbà tó délé. Ó já òfin kúrò lára ilẹ̀kùn, ó sì ṣàlàyé fún ìyàwó bí ẹni ń ṣàlàyé ìṣirò. Ìyàwó gbọ́ ọ, omi ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìtìjú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lójú àwọn ará ilé, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó ṣán aṣọ mọ́ra, ó kó gbogbo kúbùsù ilé jọ, ó sì gbé garawa méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Tíṣà dúró wò ó títí ó fi fọ mẹ́ta tán. Nígbà tó yá, ó mú ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù télọ̀ pọ̀n láti lọ sọ fún àbúrò rẹ̀ pé ó ti bọ́ lóko ẹrú.

Bọ́tìnnì ni àbúrò ń rán. Ó tẹ́tí títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sọ̀rọ̀ tán.

"Ṣé ẹ ti sọ fún un?"

"Mo ti sọ fún un. Bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, ó ti ń gbé kúbùsù tútù gòkè lọ sá, kò sì dúró sinmi lẹ́ẹ̀kan."

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, ó ti bọ́ sí ìta láìwọ bàtà, "dókítà mẹ́ta ló ti sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ ò lè ru garawa kan mọ́, kò gbọ́ ti ìkankan nínú wọn, òkúta nìkan ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, èmi sì ni agbẹnusọ òkúta náà."