Ẹni Tó Kọ́kọ́ Ń Wọ Le Palmier

Nígbà tí ìròyìn kàn káàkiri àdúgbò New Bell pé wọ́n fẹ́ sọ Sinimá Le Palmier di ilé ìkẹ́rùsí ìrẹsì, ẹnì kan ṣoṣo ló lọ bẹ Ammar, onílé. Alhaji Ṣàmsídéènì ni orúkọ ẹni tó lọ bẹ̀bẹ̀ náà, ará Ìwó, tó ń ta àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ ní ọjà Mboppi.

Le Palmier kì í ṣe ilé ńlá. Aṣọ funfun kan wà níwájú, àga onígi wà nílẹ̀, òrùlé rẹ̀ jẹ́ páànù tí kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ bí òjò bá ń rọ̀. Bàbá Ammar ló kọ́ ọ, láyé ìgbà tí fíìmù Íńdíà àti ti kàrátè ń fa èrò dé títì. Lẹ́yìn náà, sátẹ́láìtì dé, fóònù dé. Nígbà tí bàbá náà kú, Ammar ta ẹ̀rọ ńlá tó ń gbé fíìmù sára aṣọ, ó ra kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà. Dàpọ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n bí sí àdúgbò Deïdo, tí Faransé kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ló ń darí rẹ̀. Ní báyìí, bí èrò bá kún ìlà àga kan péré, Dàpọ̀ á ní ọjà tà.

Lójoojúmọ́, bí Alhaji bá ti kírun Àílà tán, á ti ìsọ̀ rẹ̀, á gun ọ̀kadà wá. Òun ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, á jókòó síwájú, láàárín gbùngbùn. Kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, Dàpọ̀ máa ń gbé ìpolówó àtijọ́ kan sí i, kí àwọn tó ń ra ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà lè ráyè wọlé. Nínú ìpolówó náà, àwọn obìnrin kan nínú ọjà Mboppi ń tú aṣọ títà, wọ́n ń gbé e lé èjìká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìsọ̀ tí wọ́n ń polówó ti kógbá sílé tipẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni fíìmù. Kì í pẹ́ tí Alhaji fi máa ń dìde. Àwọn èèyàn gbà pé ìrun Àlásárì ló ń sáré lọ kí.

Lọ́jọ́ kan, iná lọ. Nígbà tó padà dé, Dàpọ̀ fẹ́ máa bá fíìmù lọ láti ibi tó dé. Alhaji ní kó dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ hó lé e lórí, àmọ́ kò jókòó títí Dàpọ̀ fi dá a padà.

Bàdámọ́sí, tó ń ta ẹ̀pà níta, tí kò sì wọ inú ilé náà rí, kì í jẹ́ kó sinmi.

“Alhaji, ẹ̀yin lẹ ṣe wáàsí fún wa pé màláíkà kì í wọ ilé tí àwòrán bá wà. Ẹ kó fọ́tò ilé yín jáde, ẹ dáná sun ún, ẹ ní ká sun tiwa. Èwo wá ni ti sinimá?”

“Bàdámọ́sí, wọn ẹ̀pà fún mi.”

“Mo ti wọ̀n ọ́n. Fíìmù wo lẹ wò lánàá?”

Alhaji ronú díẹ̀. “Àwọn kan ń jà.”

“Wọ́n ń jà! Ìgbéyàwó ni Dàpọ̀ sọ fún mi pé wọ́n ń ṣe látòkè délẹ̀!” Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ammar fara balẹ̀ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ Alhaji.

“Èrò ò wá mọ́, Alhaji. Mo ti gba owó àwọn tó fẹ́ kó ìrẹsì síbẹ̀. Ẹ ra tẹlifíṣọ̀n sílé.”

“Tẹlifíṣọ̀n kọ́ ni mo fẹ́.”

“Kí wá lẹ fẹ́?”

Alhaji ká jalabíà rẹ̀ sókè, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọ tó mọ̀ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti ń pọ̀n ọ́n.

“Haà! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Ẹ dìde!” Ammar fà á lápá. “Jímọ̀ la máa ṣí i kẹ́yìn. Ẹ wá, ọ̀fẹ́ ni fún yín.”

Nílé, kò sí nǹkan kan lára ògiri Alhaji àfi kàlẹ́ńdà mọ́ṣáláṣí. Òun nìkan ló ń gbébẹ̀ láti ìgbà tí Hamidah, ìyàwó rẹ̀, ti kú.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, ó ra fíláàṣì kékeré kan ní Mboppi, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń kó orin sí, ó jù ú sínú àpò. Nígbà tó kírun Jímọ̀ tán, ó dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà sinimá kó tó wọlé.

“Alhaji, ẹ kú ìdárò o,” ni Bàdámọ́sí wí. “Sinimá yín ń lọ.”

Dàpọ̀ wá pàdé rẹ̀ nínú ilé, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

“Tonton, lónìí, tiyín ni! Màmá ẹlẹ́pà ní ẹ ò gbádùn fíìmù mi. Mo wá ti Íńdíà kan fún yín, ti àtijọ́ gan-an. Ó gùn, ó sì tóbi. Kọ̀ǹpútà kún, mo kọ́kọ́ ní láti pa nǹkan rẹ́.”

Ọwọ́ Alhaji wà nínú àpò. “Kí lo pa rẹ́?”

“Pub yẹn, ìpolówó àwọn obìnrin aláṣọ. Ojoojúmọ́ ló ń fi àkókò yín ṣòfò. C’est fini, ó ti parí. Tààrà la máa wọ fíìmù.”

“Ṣé kò sí níbòmíì?”

“Níbo? Orí téèpù ni bàbá Ammar ní in sí. Wọ́n ti dà á nù lọ́jọ́ tí wọ́n ta ẹ̀rọ ńlá. Ẹ jókòó, Tonton, ẹ jókòó.”

Alhaji jókòó síwájú, láàárín gbùngbùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó jókòó títí fíìmù fi parí, Àlásárì sì kọjá lórí rẹ̀.

Hamidah ni obìnrin tó máa ń kẹ́yìn nínú ìpolówó náà, tó gbé aṣọ aláwọ̀ ewé lé èjìká, tó yíjú sí ẹni tó ń wò ó, tó rẹ́rìn-ín, kò sì sí àwòrán rẹ̀ mìíràn láyé láti ọjọ́ fídáù rẹ̀, nígbà tí ọkọ rẹ̀ kó gbogbo fọ́tò ilé jáde tó sì ṣáná sí wọn.