Aránṣọ Felele

Mo ń di ṣùkú fún màmá kan ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ganaja.

Ó ní ọmọ òun ló júwe mi fún òun.

Mo ń sọ ìtàn tí mò ń kọ lọ́wọ́ fún un. Bí mo ṣe ń kọ́ ìtàn kíkọ nìyẹn: mo máa ń ka ìwé ìtàn tí mo yá, lẹ́yìn náà ni mo máa ń dán tèmi wò létí oníbàárà. Bí oníbàárà bá sùn, mo ti kùnà.

Màmá yìí kò sùn.

"Irú ìyá ọkọ wo nìyẹn? Kò rí aránṣọ Felele yìí rí, ó ní òun ò fẹ́ ẹ!"

"Ó ní òṣìṣẹ́ ìjọba ni kọ́mọ òun fẹ́, mà."

"Orí rẹ̀ ló dàrú!"

"Ẹ má mirí, mà."

Irun ń parí lọ, ìtàn mi ò tíì ní ìparí.

"Mà, báwo ni kó ṣe parí?"

"Kí ìyá yẹn gbá ọmọ ọlọ́mọ mọ́ra, kó ní, 'Ìyàwó mi, káàbọ̀.' Ṣé o gbọ́?"

Mo gbọ́.

Àwọn ìwé tí mo yá ló kọ́ mi pé kí n fi ohun kan pamọ́ di ìparí.

Mo gbé kóòmù sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Mà, èmi ni aránṣọ náà; irun dídì ni mo sọ di aṣọ rírán, Ganaja ni mo sọ di Felele. Iredélé, ọmọ yín tó júwe mi fún yín, wà níta."

Ó yọjú wo ìta, ó tún yíjú sí mi.

"Ìwọ ọmọ yìí! O jẹ́ kí n máa bú ara mi láti àárọ̀!"

Ṣùgbọ́n ó ti na ọwọ́ méjèèjì sí mi.