Rọ́bà Funfun Ọdún 1946

Ọ̀gbẹ́ni Haskell láti pápá bésíbọ́ọ̀lù jókòó ti ìyá àgbà ní pálọ̀ wa ní Jọ́jíà, ní Amẹ́ríkà.

"Ìyá Ozella, rọ́bà funfun pẹlẹbẹ orí ilẹ̀ pápá wa tí ọkọ yín sáré wá fẹsẹ̀ tẹ̀ gba ayò ìkẹyìn tí ẹgbẹ́ wọn fi gba ife lọ́dún 1946 ti sọnù láti ọjọ́ náà. Ṣé ẹ mọ ibi tó wà?"

"Lọ́jọ́ yẹn, ẹ ti ilé ìwẹ̀ pápá yín mọ́ ọkọ mi torí pé adúláwọ̀ ni wọ́n. Tòun tòógùn ni wọ́n wálé."

"Ó mà ti pẹ́, mà."

"Lójú tìẹ nìyẹn! Mo mọ ibi tó wà. Mi ò sì ní fún yín."

Ó gbé fìlà, ó jáde.

Ìyá àgbà kọjú sí mi. "Ìwọ, lọ wẹ̀ jàre."

Mo wọ ilé ìwẹ̀ wa.

Mo dúró lórí rọ́bà funfun tí bàbá àgbà ń dúró lé wẹ̀ títí wọ́n fi kú.

Mo ṣí omi.