Bàtà Ayọ̀mípọ̀sí

"Rónkẹ́, bọ́ bàtà yẹn lẹ́sẹ̀ ọmọ rẹ!" Àǹtí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fi ọwọ́ bo etí méjèèjì.

Olúrónkẹ́ kò gbójú sókè. Òjò ti ṣú bo òkè Ìdànrè, ó sì ń kó kòkó tó sá sórí àpáta iwájú ilé sínú àpò.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Kí n lè mọ ibi tó bá wà ni mo ṣe ra bàtà tó ń dún fún un. Èmi ò tiẹ̀ gbọ́ ọ mọ́."

"Èmi ń gbọ́ ọ."

Fín, fín, fín. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú Àǹtí ti ṣàlàyé fún wọn pé bí ariwo kan bá ń dún léraléra, ọpọlọ àwọn tó kù á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Àìsàn ọpọlọ tó ń ṣe Àǹtí kì í jẹ́ kí tirẹ̀ tì í.

"Tí ẹ bá tún dárúkọ bàtà, ilé àdúrà tí wọ́n ti dè yín lẹ́sẹ̀ lẹ ń padà sí."

Àǹtí kọ ojú sí ẹ̀yìn ilé, ó ń tẹ́tí. Lójijì ó dìde. "Kò dún mọ́."

"Ọpẹ́ o! Oògùn yín ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn."

Àmọ́ Àǹtí ti sáré gba ẹ̀yìn ilé. Nígbà tí Olúrónkẹ́ débẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fa Ayọ̀mípọ̀sí jáde nínú bàsíà omi òjò, ó ń gbá a lẹ́yìn. Ọmọ náà wúkọ́, ó figbe ta.

Olúrónkẹ́ kúnlẹ̀. Ó bọ́ bàtà náà. "Ẹ má bínú, Àǹtí. Mo máa sọ ọ́ nù."

Àǹtí gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó da omi inú rẹ̀ nù, ó fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó ṣì ń dún, ó sì wọ̀ ọ́ padà fún ọmọ.